Ohùn Ìsàlẹ̀ fún Oyèdìran

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa. Ọ̀jọ̀jọ̀ wà nínú agolo yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé."

Ẹnubodè ni ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn náà sì rọ̀ bí ti ìyàwó tuntun tí ń kí bàbá ọkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró fa agolo náà mọ́ àyà.

"Kì í ṣe ọ̀jọ̀jọ̀. Aṣọ ìnujú ni."

"Ẹ má bínú, ìyá wa. Aṣọ ìnujú kì í ní òróró, kì í sì í ní ata."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. "Mo sọ fún ọ! Mo ní, ìyàwó, ilẹ̀kùn yẹn gbọ́n ju ọ̀gá ilé ìwé lọ. O ní o ti fi ewé eéran bò ó. Ewé eéran!"

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú ná, ìyá mi. Ẹni tó ń retí mi kò tíì fẹnu kan ọ̀jọ̀jọ̀ láti ìgbà ọyẹ́."

"Ẹni tó ń retí rẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Gbé e sílẹ̀ jàre, oòrùn ti ń mú."

Àwẹ̀ró gbé agolo sílẹ̀. Ihò kan là lára ògiri, ó gbé e mì káló, ó sì padé. Bí gbogbo wàhálà òwúrọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ìkòkò ilé rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀ láti gbóná. "Òróró yìí ti kọjá ìwọ̀n," ni ìkòkò wí, ó sì paná ara rẹ̀. Ló bá to òkúta mẹ́ta sẹ́yìnkùlé, ó dáná igi bí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ti ń dá a, ó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀, ó ń wẹ̀yìn wò nítorí èéfín, kí aládùúgbò má baà pe àwọn agbófinró. Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí ọjọ́ tí èéfín ilé ẹni yóò di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí ó wà láyé nígbà tí à ń sọ yìí ti rí i.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá sọ obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Àwẹ̀ró ni. Ọ̀sẹ̀ tí Àwẹ̀ró wọ ilé ọkọ ló ti fún un ní orúkọ yẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ilé Abúrẹ́kẹ́ ni wọ́n ń pe ilé náà ní Ṣakí, ilé àwọn abara ńlá, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wọ yàrá, ẹni tó sùn á mọ̀. Nínú gbogbo wọn, obìnrin kan ṣoṣo yìí ló tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.

Wọ́n na ọwọ́ wọn sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́nà. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ àwọn méjèèjì, ìjọba ló so ó mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Funfun ni tiwọn. Bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á pọ́n bí osùn, kò sì sí ọjà tí yóò ta epo fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò fi ṣá.

"Ẹ kú ara fífúyẹ́ o, ẹ̀yin ìyá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Kó fúyẹ́ fún gbogbo wa," ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. Nígbà tí wọ́n kọjá, ó yínmú. "Ẹ kú ara fífúyẹ́. Ìyá mi ì bá ti fi pákò gbá a lẹ́nu. Nígbà tiwa, bí wọn kò bá sọ fún ọ pé o sanra, inú rẹ kò ní dùn relé."

Ọgbà Òkè-Ìtura ni ibẹ̀ ń jẹ́. Ó wà lórí àpáta, ògiri funfun yí i ká. Níbẹ̀ ni Oyèdìran, ọkọ Àwẹ̀ró, wà. Ó jókòó lẹ́yìn gíláàsì nígbà tí wọ́n dé ibi àbẹ̀wò, ó sì kún ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, kò rù rárá. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìyìọlá."

"Àwẹ̀ró mi. Dìde, dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o." Ó sún mọ́ gíláàsì. "Ọ̀jọ̀jọ̀ ni!"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Gíláàsì ló wà láàárín wa, ẹ̀yin ọkùnrin yìí."

"Ojú rẹ ni mo ti gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín, gíláàsì sì gbọ̀n díẹ̀. Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tó gbọ̀n yẹn, ó fi í síbẹ̀ kí ó má tètè tán. "Ẹ̀wà tí wọ́n fún mi láàárọ̀, Àwẹ̀ró, mo mọ̀ wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kí wọn kí n tó jẹ wọ́n."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "O dúpẹ́ pé wọ́n ka tìrẹ. Èmi nílé wa, ẹ̀yin abìkùn wọ̀nyí ló máa ń jẹ tèmi mọ́ tiyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán. Àwẹ̀ró kò mọ ohun tí ó lè fi dípò rẹ̀.

"Àga yín wà níbi tó wà," ó wí. "N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ọmọ Rájí aládùúgbò wa wá lọ́jọ́sí, ó fẹ́ẹ́ jókòó, mo pariwo bí ẹni pé ejò ló fẹ́ tẹ̀."

"Ọmọ ọlọ́mọ."

"Mo fún un ní ọsàn lẹ́yìn náà. Ilé ti dákẹ́ jù, Bàbá Ìyìọlá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá wà nídìí òfì mi, mo máa ń mọ ibi tí ẹ wà nínú ilé. Ilẹ̀ á sọ fún ẹsẹ̀ mi. Ní báyìí, mo lè hunṣọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ilẹ̀ má sọ nǹkan kan."

Oyèdìran wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Òjò ni ti èmi," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ òjò lórí páànù. Òrùlé tiwọn níbí kì í dún. Òjò á rọ̀, á dá, mi ò ní mọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí n gbọ́ òjò kan péré nílé mi."

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì gbé ohun dúdú kan sórí tábìlì. Ó rí róbótó bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Jọláadé lorúkọ ọmọ náà. Òun ni olùgbọ́ fún ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbé Etí yìí káàkiri, kí ó máa gba oríkì ìdílé sí i.

"Mà, ẹ̀yin lẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìgbọ́ àkọ́kọ́?"

"Èmi ni."

"Mo gbọ́dọ̀ tún òfin sọ fún yín, ẹ má bínú. Okùn ọ̀rá wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá. Oríṣi méjì ni okùn yìí, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ọ̀kan á mú ara tóbi, ó parí síbẹ̀. Èkejì á sùn títí ènìyàn á fi lé ní àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà á jí, á da ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀, á sì dí iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń dí páìpù. Ẹ̀rọ wa kò tíì dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwọn ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ sì ti jóná. Ẹnu ìdílé nìkan ló kù tó mọ̀."

"Ṣé ẹ lè sọ ibi tí ẹnu ìdílé ti sọ ọ́?" ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n.

Jọláadé fọwọ́ kan Etí. Ohùn Àwẹ̀ró jáde níbẹ̀, ohùn ẹkún, ohùn ọjọ́ tí wọ́n wá mú Oyèdìran lọ: *Ọ̀rá dé àyà, ọ̀rá dé itan, ọ̀rá á dẹ́dọ̀ ọmọ Abúrẹ́kẹ́.*

"Etí gbọ́ ohùn òkè," ni Jọláadé wí. "Ọ̀rá á dẹ́dọ̀. Ìyẹn ni pé yóò dé ibẹ̀. Òun ni bàbá fi wà níbí."

"Ẹkún ló ń sun!" Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ lu itan. "Ta ni kì í gbóhùn sókè tó bá ń sunkún? Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá à dẹ́dọ̀. Lẹ́nu àwọn baba wa, 'à' yẹn ni 'kò': kò dé ibẹ̀! Ìdílé wo ni yóò máa fi àìsàn ki ara rẹ̀?"

"Mà, ọ̀pọ̀ ni. Mo ti gbọ́ oríkì tí wọ́n ti ń ki ìdílé sí olè, tí wọ́n ń kì wọ́n sí adẹ́tẹ̀. Oríkì kì í fi àbùkù pamọ́." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro, mà. Ẹ máa kì í bí wọ́n ṣe fi kọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, bàbá á tẹ̀ lé yín relé lónìí. Ìgbọ́ kejì ni òpin, kò sí ẹ̀kẹta."

"Èmi ńkọ́?" ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ilé bàbá mi ni. Kí ló dé tí n kò lè kì í?"

"Òfin kò gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mà. Ìyàwó ilé nìkan."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀ sí etí Àwẹ̀ró. "Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù sílẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ."

Àwẹ̀ró pa ojú dé. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú ohùn sílẹ̀:

*Àkàngbé, ọmọ Abúrẹ́kẹ́,*
*ọmọ atóbi-má-tijú, ọmọ ajẹun-má-sọ̀lẹ.*
*Ẹ wọlé, ilé mì tìtì, ó ní kí onílé jáde wá pàdé yín.*
*Ẹ jókòó, àga kígbe, ó ní ẹ kúulé.*
*Ọmọ òjìji tó tó bò wọ́n lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn,*
*arìnrìn-àjò ń sinmi lábẹ́ yín, wọn ò bi yín ní igi tí ẹ jẹ́.*
*Ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí odò Ògùn lẹ́yìn òjò.*
*Ọ̀rá dé àyà, ọ̀rá dé itan,*
*ọ̀rá...*

Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn gíláàsì, Oyèdìran ti di orí rẹ̀ mú bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òkèèrè. Jọláadé dúró. Etí náà dúró.

Ọ̀fun Àwẹ̀ró ti múra sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀ gan-an, lórí ahọ́n rẹ̀, ó kéré, ó wúwo, kò ju kí ó jẹ́ kí ó jábọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rí ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni ó kọ́ ọ ní oríkì yìí. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ wọn, wọ́n á máa kì í kí ó tó jí. Pákò kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá dé *ọ̀rá dé itan*, wọ́n á gbé pákò láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí tòsì, ẹnu á dí, wọ́n á ní, *ọ̀rá m̀m dẹ́dọ̀*, wọ́n á tutọ́, wọ́n á máa bá a lọ. Àwẹ̀ró tó jẹ́ ìyàwó tuntun, tó ń gbálẹ̀ nítòsí, ló ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ohùn dí ihò náà. Lọ́jọ́ ayọ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ ẹkún, ohùn á gòkè. Kò bi wọ́n léèrè rí. Ta ni yóò ní kí ìyá ọkọ yọ pákò kúrò lẹ́nu kí wọ́n tún un sọ?

Kò sì sí ara ẹnikẹ́ni tó lè jẹ́rìí. Mọ́tò ló pa bàbá ọkọ rẹ̀ nígbà tí irun wọn ṣì dúdú. Odò ló gbé bàbá bàbá lọ. Ẹ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kò pẹ́ láyé tó láti sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi," ó yíjú sí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, "nítorí Ọlọ́run. Èwo ni ìyá máa ń wí? Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀! Mo ti sọ fún ọ!"

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ń yí etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka.

"Wọn kì í kì mí dé ibẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ara tèmi kò gba ìlà yẹn. Bí wọ́n bá kì mí dé orí odò Ògùn, wọ́n á ní, 'Ìwọ, lọ jẹun.' Nígbà tí wọ́n bá sì ń ki òun, mo máa ń di etí mi ni. Ìlara ló ń ṣe mí."

Àwẹ̀ró di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ mú.

Ó ro ilé. Ó ro ilẹ̀ tí yóò tún máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àga tí yóò tún máa ké, òjò lórí páànù. Ó fẹ́ ẹ débi pé eyín rẹ̀ ń ro ó. Lẹ́yìn náà ó ro ojú Oyèdìran bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti oníbà pọ́njú, tí ikùn wú, tí ẹsẹ̀ wú, tí ó sì ń wo òun lórí àga yẹn láìbéèrè nǹkan kan. Ọlọ́run tó mọ ẹ̀dọ̀ sínú òkùnkùn ara, ìwọ mọ èyí tí o dá. Èmi ò mọ̀.

"Mà," ni Jọláadé wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ó ku ìlà kan."

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fẹ́ ronú sí i?"

"Kì í ṣe ìrònú, ọmọ mi. N kò mọ ohùn tó wà níbẹ̀. Kò dá mi lójú rí."

Jọláadé gbé ọwọ́ lé Etí, ó pẹ́ kí ó tó pa á. "Á jẹ́ pé ìgbọ́ àkọ́kọ́ dúró, mà. Ẹ má bínú sí mi."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "O ti pa á! Ohùn kan! Ohùn kan lásán ni mo ní kí o fi ran àbúrò mi lọ́wọ́!"

"Ìyá mi, bí mo bá fi ohùn náà gbé e relé, tí irọ́ sì ni, èmi ni n ó máa wo ikùn rẹ̀ láràárọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀," ni Oyèdìran wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró, ó dáa. Ìwọ máa lọ sílé. Ìyìọlá á bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ wẹ ọmọ. Gbé e wá kí n rí i."

Jọláadé ni Àwẹ̀ró kọjú sí. "Mo gbọ́ pé ẹni tí kò ní okùn lè wọlé gẹ́gẹ́ bí alábàágbé."

"Rárá!" Oyèdìran ti dìde.

Jọláadé wo àwọn méjèèjì. "Ó wà nínú òfin, mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán o. Oògùn wà nínú omi kànga wa. Òun ló ń mú kí okùn sùn. Kì í kọjá ògiri: ó ń kú kí wọ́n tó gbé e dé ìsàlẹ̀ òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, à bá ti máa bù ú fún gbogbo wọn nílé. Ẹni tí kò ní okùn tó bá mu ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi í ṣe ara. Bí ó bá jáde, iṣan rẹ̀ kò ní gbé e mọ́, á kú ni. A kò tíì rí ọ̀nà láti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yìn gíláàsì yìí náà ni ẹ ó ti máa rí ọmọ-ọmọ yín."

"Ìyàwó," ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Ìbínú ti sá kúrò lójú rẹ̀. "Ta ni yóò wẹ ọmọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ wẹ Ìyìọlá fún mi, ẹ sì fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ó ṣì wà láyé." Àwẹ̀ró tú kọ́kọ́rọ́ ilé lára ìró rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ sọ fún Ìyìọlá pé n kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa hun ìyókù aṣọ tó wà lórí òfì náà. Aṣọ ìpọnmọ ni."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ lé orí Àwẹ̀ró, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà tó fẹ́ gbà kò sì jáde. Àwẹ̀ró ṣe àmín sí i bẹ́ẹ̀.

Jọláadé bu omi náà fún un nínú kọ́ọ̀bù. Ó dùn díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá oyin. Lẹ́yìn gíláàsì, Oyèdìran ń lu ògiri, ó ń pè é lórúkọ, ó ní kí ó má mu ún. Ó mu ún tán, ó sì dá kọ́ọ̀bù padà, ó dúpẹ́.

Yàrá Oyèdìran wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn nígbà tí Àwẹ̀ró wọlé, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ibùsùn náà kò fẹ̀. Òun nìkan ti gba gbogbo rẹ̀.

"Mo ní kí o má wá," ó wí, kò wẹ̀yìn. "Mo ní kí o lọ wẹ ọmọ. O ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

"N kò gbọ́."

"Aláìgbọràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Èjìká rẹ̀ ńlá ń gbọ̀n, ilẹ̀ yàrá sì ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó tú gèlè, ó ká a, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ó sì gbé e lé itan ọkọ rẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà.

"Bàbá Ìyìọlá," ó wí, "ẹ sún díẹ̀ fún mi."